Bàbá Mi, Dick Tiger àti Hagler ní Ṣọ́ọ̀bù Géèmù Kan ní Tánkẹ̀

Láàárín Dick Tiger, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ọmọ Nàìjíríà, àti Marvin Hagler ará Amẹ́ríkà, ta ni ì bá lu èkejì? Àríyànjiyàn yìí ti pẹ́ nílé wa. Ọmọ Ọ̀fà ni bàbá mi, ìlú tí wọ́n ń kì pé ìjàkadì lorò rẹ̀. Lóṣù Kẹjọ ọdún 1963, ó wọ rélùwéè láti Ọ̀fà dé Ìbàdàn torí pé Dick Tiger fẹ́ bá Gene Fullmer jà ní pápá ìṣeré Liberty. Ó ṣojú rẹ̀ nígbà tí Fullmer kò lè jáde mọ́ lẹ́yìn abala keje. Láti ọjọ́ náà, kò sí abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò tí èèyàn lè dárúkọ létí Bàbá tí kò ní sọ pé Tiger á lù ú. Marvin Hagler ni tèmi. Ó gba bẹ́líìtì middleweight lọ́dún 1980, ó sì tó 1987 kó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwọ̀n kan náà lòun àti Tiger, nǹkan bíi kílò 72 ààbọ̀, ìgbà ló yà wọ́n.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló sọ fún mi pé ṣọ́ọ̀bù géèmù kan wà ní Tánkẹ̀ nílùú Ìlọrin, láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì, tí géèmù ẹ̀ṣẹ́ kíkàn wà níbẹ̀, tí èèyàn lè mú ẹni àtijọ́ àti ẹni òde òní kó wọn pọ̀. ₦1,000 ni wákàtí kan. Sólà ni wọ́n ń lò, kò sí ariwo jẹnẹrétọ̀, tẹlifíṣọ̀n wọn sì tóbi. Bọ́ọ̀lù ni gbogbo àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ ń gbá. Nígbà tí ọmọkùnrin tó ń mójú tó ibẹ̀ rí Bàbá, ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀, ó lọ gbé àga onítìmùtìmù tirẹ̀ wá. Mi ò ní gbàgbé ìyẹn fún un.

Orúkọ ńláńlá pọ̀ nínú géèmù náà, Muhammad Ali wà níbẹ̀, Hagler wà níbẹ̀. Dick Tiger kò sí. Ó dùn mí wọra, torí ọkùnrin tó gba bẹ́líìtì àgbáyé ní ìwọ̀n méjì ni, middleweight lọ́dún 1962 àti light heavyweight, ìwọ̀n tó wúwo jù ú lọ, lọ́wọ́ José Torres lọ́dún 1966. Àmọ́ géèmù náà gbà kí èèyàn fúnra rẹ̀ ya abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò tó bá wù ú, ibẹ̀ sì lowó mi ti pé. Bàbá ń sọ, ọmọ náà ń tẹ páàdì. "Ọrùn rẹ̀ kì í ṣe báyìí, ó ki jù báyìí lọ. Dín gíga rẹ̀ kù. Àyà rẹ̀ fẹ̀. Òsì, òsì ni kí o kó agbára sí, ìkọ́ ọwọ́ òsì ló fi ń pààyàn." Ó gbà wá tó ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, Bàbá sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó wò ó títí, ó ní, "Òun nìyí." Ọmọ náà kò ka ogójì ìṣẹ́jú yẹn mọ́ wa.

Mo mú Hagler, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mú Tiger. Géèmù náà mọ Hagler dáadáa: ọlọ́wọ́ òsì ni, àmọ́ ó ń yí ìdúró padà láàárín ìjà bó ṣe ń ṣe gan-an. Tiger ń wọlé tọ̀ ọ́, kò yẹsẹ̀. Abala méjìlá la jà, àwọn onídàájọ́ gbé e fún Hagler. Mo wo ojú Bàbá. Ó ní, "Ìjà ò tíì parí. Ó ku mẹ́ta."

Òótọ́ ló sọ. Abala mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìjà bẹ́líìtì láyé Tiger. Ikú abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò Duk Koo Kim lọ́dún 1982, lẹ́yìn ìjà rẹ̀ pẹ̀lú Ray Mancini, ló mú kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé e sí méjìlá. Hagler gan-an ja mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pẹ̀lú Roberto Durán lọ́dún 1983, ó borí. Méjìlá ló bá Sugar Ray Leonard jà lọ́dún 1987, ibẹ̀ ló ti pàdánù. Àwọn méjèèjì jẹ́ irú ẹni tí agbára rẹ̀ kì í tètè tán. Bí géèmù kò bá ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò tíì lè dá ẹjọ́ wọn.

Ibi tó ti já mi kulẹ̀ jù ni ìwọ̀n ara. A gbé Tiger lọ bá Bob Foster, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò light heavyweight. Lọ́dún 1968, Foster tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ lu Tiger dákú ní abala kẹrin. Kò sí ẹlòmíì tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún un rí. Nínú géèmù, Tiger gba ẹ̀ṣẹ́ Foster bí ẹni gba ti ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì borí. Bàbá kò yọ̀ rárá. Ó ní irọ́ ni. A tún dán an wò pẹ̀lú Ali tó jẹ́ heavyweight, ìwọ̀n tó wúwo jù lọ, Tiger dúró títí dé abala kejìlá! Ohun tí mo rí ni pé máàkì agbára lásán ni wọ́n fún oníkálukú, wọn kò fi ìwọ̀n ara kún un. Nígbà tí a wà lọ́mọdé ní Ọ̀fà, bí a bá fẹ́ jìjàkadì, ẹni tí ara wọn dọ́gba la máa ń kọ́kọ́ wá. Roy Jones gòkè láti middleweight títí ó fi gba bẹ́líìtì heavyweight lọ́wọ́ John Ruiz lọ́dún 2003, ìdí tí ẹnu fi ń yà wá dòní nìyẹn. Bí gbogbo èèyàn bá lè ṣe é, kí ni Jones wá ṣe?

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń bi ẹ̀rọ nírú ìbéèrè yìí. Lóṣù Kìíní ọdún 1970, wọ́n fi ìjà Ali àti Rocky Marciano tí kọ̀ǹpútà pinnu hàn ní sinimá, Marciano borí ní abala kẹtàlá. Marciano ti kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 1969, kò rí i.

Nínú márùn-ún, mo fún ṣọ́ọ̀bù náà ní márùn-ún, géèmù ní mẹ́ta. Ẹ lọ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, èrò kì í pọ̀ nígbà náà. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì dúró ṣánṣán, nítorí náà bí ẹ bá mú àgbàlagbà lọ, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọmọ náà bá wa fi Tiger pamọ́ sínú ẹ̀rọ, orúkọ Bàbá ló sì fi ṣe àmì rẹ̀.