Ráífù Kan fún Kòyótì àti Àgbọ̀nrín: Èwo Ni Kí Ẹ Rà Nínú .223, .243, .25-06, 6.5 Creedmoor àti .308?

Ìbọn kan ni ẹ fẹ́ rà, irú ẹran méjì ni ẹ fẹ́ máa fi pa. Ní Texas, Oklahoma, Kansas àti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn ní Amẹ́ríkà, oko tí ọdẹ ti ń dúró de àgbọ̀nrín lóṣù Kọkànlá náà ni kòyótì ti ń jẹ̀ kiri nígbà òtútù. Kòyótì, ẹranko ìgbẹ́ tó jọ ajá àmọ́ tí kò tó ìkookò, kì í sábà wúwo ju páùn 45 lọ, ibi tí ọta gbọ́dọ̀ bá láyà rẹ̀ kò sì ju ínǹṣì 4 sí 5 lọ. Akọ àgbọ̀nrín onírù funfun lè tó páùn 200 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ lápá àríwá, ibi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóóró rẹ̀ wà sì fẹ̀ tó ínǹṣì 8. Ọta tó bá ọ̀kan mu kò bá èkejì mu.

Ìlànà tiwa rèé: àgbọ̀nrín ni kí ẹ fi yan kátíríìjì, kòyótì ni kí ẹ fi yan ọta. Odindi ohun tí ẹ ń kì bọ ìbọn là ń pè ní kátíríìjì níbí: agolo idẹ, ẹ̀tù àti ọta. Ọta ni èyí tó ń fò lọ, gréènì ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. Kátíríìjì tó tó àgbọ̀nrín pa lè gbé ọta fúyẹ́fúyẹ́ tí ẹ ó fi pa kòyótì. Èyí tó bá kéré fún àgbọ̀nrín, kò sí ọta tí ẹ máa kì sí i tó máa sọ ọ́ di ńlá.

| Kátíríìjì | Ọta kòyótì: gréènì / eré | Ọta àgbọ̀nrín: gréènì / eré | Bó ṣe ń ti èjìká (ft-lb) |
|---|---|---|---|
| .223 Remington | 55 / 3,240 | 64 / 3,020 | 3–4 |
| .243 Winchester | 58 / 3,750 | 100 / 2,960 | nǹkan bí 9 |
| .25-06 Remington | 85–90 / nǹkan bí 3,400 | 120 / 2,990 | nǹkan bí 12 |
| 6.5 Creedmoor | 95 / 3,300 | 143 / 2,700 | nǹkan bí 12 |
| .308 Winchester | ó ṣọ̀wọ́n lọ́jà | 150 / 2,820 | nǹkan bí 16 |

Eré ọta jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí àwọn tó ń ṣe ọta ṣe ń kọ ọ́ sára páálí. Ft-lb (foot-pound) ni wọ́n fi ń wọn agbára, ì báà jẹ́ agbára tí ìbọn fi ń ti èjìká tàbí èyí tí ọta fi ń lu ẹran. Ọ̀pá ìbọn ínǹṣì 24 ni wọ́n sábà fi ń wọ̀n ọ́n. Bí tiyín bá jẹ́ ínǹṣì 20, ẹ yọ nǹkan bí 100 kúrò.

.223 Remington

Kò sí èyí tó pọ̀ tó o lọ́jà, kò sí èyí tó dínwó tó o, òun náà ló sì rọ èjìká jù. Ká ní kòyótì nìkan ni, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbí. Àgbọ̀nrín ni ìṣòro rẹ̀. Texas gbà á láyè, torí kátíríìjì rimfire nìkan (irú kékeré tí òòlù ìbọn ń lù létí ìdí) ni òfin ibẹ̀ kọ̀ fún àgbọ̀nrín. Colorado kò gbà á: ọta gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó .24 ínǹṣì, kó wúwo tó 70 gréènì, kó sì ṣẹ́ 1,000 ft-lb kù ní 100 yáàdì. Washington náà béèrè .24, Virginia béèrè .23. Ẹni tó bá ra .223 ní Houston, tí iṣẹ́ wá gbé e lọ sí Richmond ní Virginia, ìbọn kòyótì nìkan ló kù sí i lọ́wọ́.

Níbi tí òfin ti gbà á pàápàá, ọta 62 sí 64 gréènì tí wọ́n dìídì ṣe fún àgbọ̀nrín ni kí ẹ lò. Ẹ dúró títí ẹran á fi fi ẹ̀gbẹ́ hàn yín, ẹ má ṣe yìnbọn kọjá 150 yáàdì, ẹ sì yẹra fún egungun èjìká. Ọdẹ tó ti pẹ́ nídìí ráífù lè ṣe é. A kò ní sọ pé kí ẹni tó ń ra ráífù àkọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀.

.243 Winchester

Èyí ni kí ẹ rà. Winchester gbé e jáde ní 1955: agolo .308 ni wọ́n fún lọ́rùn kó lè gba ọta tó fẹ̀ ní .243 ínǹṣì, iṣẹ́ méjèèjì yìí gan-an ni wọ́n sì ní lọ́kàn. Bí ẹ bá ti ṣe awò ìbọn (gíláàsì tí ẹ fi ń wo ibi tí ẹ ó yìn) kí ọta lè bá àmì ní 200 yáàdì, ọta 58 gréènì kò ní wálẹ̀ ju nǹkan bí ínǹṣì 6 lọ ní 300 yáàdì. Ọta 100 gréènì ń jáde lẹ́nu ìbọn pẹ̀lú agbára tó lé ní 1,900 ft-lb, ó sì tún ní nǹkan bí 1,000 ní 300 yáàdì. Bó ṣe ń ti èjìká kò pọ̀ débi tí obìnrin tí ara rẹ̀ kéré tàbí ọmọ ọdún mẹ́tàlá á máa dijú kó tó fa ọwọ́ ìbọn, ojú dídì yìí ló sì ń mú ọ̀pọ̀ àgbọ̀nrín sá lọ pẹ̀lú ọgbẹ́.

Ó ní àléébù tirẹ̀. Ẹ̀tù púpọ̀ ló ń jó gba ihò tóóró kọjá, nítorí náà ọ̀fun ọ̀pá ìbọn rẹ̀ máa ń tètè jẹ ju ti .308 lọ, pàápàá bí ẹ bá ń yìn ín léraléra nígbà tó ṣì gbóná. Lẹ́yìn mẹ́ta sí márùn-ún, ẹ jẹ́ kó tutù. Ọdẹ tí kò yìn ju ọgọ́rùn-ún lọ lọ́dún á lò ó pẹ́ kó tó rí ìyàtọ̀. Bí akọ ńlá bá kọ ìdí sí yín, ẹ dúró títí yóò fi yí ẹ̀gbẹ́ sí yín. Ọta yìí kò ní agbára àjẹṣẹ́kù tó lè gba inú ẹran kọjá láti ìdí dé àyà.

6.5 Creedmoor

Hornady ló gbé e jáde ní 2007. Ọta rẹ̀ gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, afẹ́fẹ́ kì í rí i tì púpọ̀. Bí atẹ́gùn máìlì 10 ní wákàtí kan bá ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, ọta 143 gréènì á yà ní nǹkan bí ínǹṣì 5 ní 300 yáàdì. Ọta 58 gréènì ti .243 á yà tó 8 sí 9. Lórí pápá gbalasa ní Kansas tàbí ìlà oòrùn Colorado, ìyàtọ̀ yẹn ló ń pinnu bóyá ẹ ó pa kòyótì tàbí ẹ ó ta á nù. Ṣùgbọ́n ọta fífúyẹ́ rẹ̀ kò pọ̀ lórí igbá, ọta àgbọ̀nrín rẹ̀ sì ń ya awọ kòyótì bó bá bá egungun. Ẹ rà á dípò .243 bó bá jẹ́ pé ẹ máa ń yìnbọn kọjá 300 yáàdì, tàbí tí ẹ ní in lọ́kàn láti lọ pa elk, irú àgbọ̀nrín tó tóbi gan-an, lọ́jọ́ kan.

.25-06 àti .308

Láti 1969 ni Remington ti ń ta .25-06. Bí a bá wo iṣẹ́ lásán, ó lè ju .243 lọ fún ohun tí a ń sọ yìí. Àmọ́ agolo rẹ̀ gùn, ara ìbọn rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gùn kó sì wúwo sí i, kátíríìjì rẹ̀ wọ́n, ẹ sì lè wọ ṣọ́ọ̀bù ìlú kékeré kí ẹ má bá ẹyọ kan. Ó dára fún ẹni tó ń di kátíríìjì fúnra rẹ̀.

.308 tó àgbọ̀nrín, ó tó ẹlẹ́dẹ̀ ìgbẹ́. Fún kòyótì, ó pọ̀ jù: ìbọn á ta sókè tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ kò ní rí ibi tí ọta bà nínú awò, bẹ́ẹ̀ bí ọdẹ bá fi ìró pe kòyótì, méjì tàbí mẹ́ta lè jọ jẹ́ ìpè lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọta ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í

Ẹ̀wù bàbà tó wà lára ọta kòyótì fẹ́lẹ́. Bó bá ti wọ inú àyà, ó fọ́ túútúú, kì í sábà jáde lódì kejì, awọ á sì wà lódindi. Ẹ wá fi ọta yìí kan náà lu èjìká àgbọ̀nrín: orí egungun ni á ti fọ́, ọgbẹ́ á fẹ̀ lóde láìdé ẹ̀dọ̀fóóró, ẹran á sá wọgbó lọ kú síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Ẹ má ṣe é, bó ti wù kó súnmọ́ yín tó. Ẹ ka páálí: tí ẹ bá rí *varmint* lára rẹ̀ (ìyẹn ẹran kéékèèké bíi kòyótì), kì í ṣe ti àgbọ̀nrín.

Lódì kejì, ọta 100 gréènì lè gba ara kòyótì kọjá kó tó ráyè fẹ̀, kòyótì á sì sáré jìnnà díẹ̀ kó tó ṣubú. Ẹni tó bá fẹ́ ọta kan ṣoṣo fún ẹran méjèèjì nínú .243, kó wá ọta bàbà lódindi tó jẹ́ 80 sí 85 gréènì, tí kò ní òjé nínú. Ó ń wọnú àgbọ̀nrín dáadáa, ihò tó ń lu sára kòyótì kì í sì í fẹ̀ púpọ̀. California ti fòfin de ọta òjé fún gbogbo ìṣọdẹ láti ọjọ́ 1 oṣù Keje 2019, nítorí náà irú èyí nìkan ni ẹ lè lò níbẹ̀.

Ẹ tún wo ìlà oníyìípo inú ọ̀pá ìbọn kí ẹ tó sanwó. Ọ̀pọ̀ .243 ń yí ẹ̀ẹ̀kan ní ínǹṣì 10, èyí sì tó fún ọta 100 gréènì. Àwọn tó gùn tó sì ṣóńṣó, 105 sí 108, ń fẹ́ ínǹṣì 8. Bí ihò tí ọta lu sára pátákó bá gùn gbọọrọ dípò kó rí róbótó, ọta ń fẹ̀gbẹ́ lọ nìyẹn: kò bá ọ̀pá ìbọn yẹn mu.

Kí ẹ tó wọ oko

Kátíríìjì .300 Blackout lè wọ inú ìbọn .223, ó sì lè fọ́ ọ mọ́ yín lójú. Irú páálí kan ṣoṣo ni kí ó wà lórí tábìlì nígbà kan. Ẹni tó ti mọ ṣakabùlà lára láti ilé gbọ́dọ̀ rántí pé ọta ráífù lè rìn kọjá máìlì kan. Bí òkè tàbí ilẹ̀ tó ga kò bá sí lẹ́yìn ẹran, ẹ má yìn ín.

Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú físà ìgbà díẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbọn tàbí kátíríìjì lábẹ́ òfin àpapọ̀, àyàfi tó bá wà lára àwọn tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ìṣọdẹ tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ní green card lè rà á. Ní Texas, ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án 1971 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀kọ́ ìṣọdẹ.

Ọta àgbọ̀nrín ni kí ẹ fi ṣe awò. Ẹ gbé ìbọn lé àpò iyanrìn, ẹ yin mẹ́ta ní 100 yáàdì, kí ẹ yí awò títí ọta á fi máa bà ní nǹkan bí ínǹṣì 2 sókè àmì. Yóò bá àmì gan-an ní 200. Ẹ fi awò sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ wá yin ọta kòyótì mẹ́ta. Kì í bà síbì kan náà. Ẹ kọ ìyàtọ̀ rẹ̀ sórí bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ìbọn. Bí ìyàtọ̀ bá ju ínǹṣì 2 lọ, ẹ gbìyànjú ọta kòyótì ilé-iṣẹ́ mìíràn, torí ẹni tó ń yí awò síwá-sẹ́yìn láàárín ẹran méjì á gbàgbé lọ́jọ́ kan. Nígbà tí ẹ bá rí èyí tó bá ìbọn yín mu, ẹ ra páálí márùn-ún tó ní nọ́ńbà lọ́ọ̀tì kan náà, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi hàn pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n jọ ṣe wọ́n. Bí nọ́ńbà bá yí, ẹ padà lọ yin mẹ́ta sára pátákó kí sáà tó bẹ̀rẹ̀.