Amọ̀ sísun oníhò fún ìtọ́jú omi aró: èwo ló yẹ kí ẹ rà?

Ẹni tó bá fẹ́ fi ìmọ́lẹ̀ àti titanium dioxide pa aró run nínú omi ìdọ̀tí àwọn aláàdírẹ tàbí ti ilé-iṣẹ́ aṣọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yan ohun tí titanium dioxide náà, tí í ṣe kátálíìsì (ohun tó ń mú iṣẹ́ yá láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ tán), yóò lẹ̀ mọ́, nítorí pé bí a bá da ìyẹ̀fun rẹ̀ sínú omi lásán, sísẹ́ ẹ jáde máa ń le ju iṣẹ́ náà gan-an lọ. Irú amọ̀ sísun mẹ́ta ni wọ́n sábà ń tà fún un: hóró alumina, cordierite oníhò afárá oyin, àti alumina oníhò kànrìnkàn.

Hóró ni mo kọ́kọ́ rà, nítorí pé kò wọ́n. Bí omi ṣe ń ṣàn gba inú páìpù kọjá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn hóró náà ń ha ara wọn, tí kátálíìsì tí wọ́n kùn sí wọn lára sì ń ṣí kúrò, débi pé omi tó yẹ kó mọ́ gaara ń jáde ní fífunfun bí omi ògì. Ẹni tó tà á kò dá owó padà. Iná tí wọ́n fi sun ún ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé: kátálíìsì tí a kò sun tó kì í di ara amọ̀ mú, bẹ́ẹ̀ sì ni bí iná bá kọjá nǹkan bí 600 sí 700 digíríì Celsius, anatase, ìyẹn irú titanium dioxide tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í di rutile, irú tí kì í ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí 450 sí 500 ni ó sábà máa ń dára. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ìwọ̀n iná tí wọ́n lò. Ẹ sá ọ̀kan gbẹ, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ fi sínú omi tó ń ṣàn fún ọjọ́ kan, ẹ tún sá a gbẹ, kí ẹ sì tún un wọ̀n. Bí ó bá ti fúyẹ́ sí i, ẹ má rà á. Gamma alumina, irú alumina kan, kò sì gbọdọ̀ bá omi tó kan gan-an (oní-ásíìdì) pàdé, torí pé ó máa ń yòrò.

Ti afárá oyin lágbára, omi sì ń rọ́nà gbà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ kì í wọ ihò rẹ̀ jìnnà. Ó tọ́ sí ẹni tó ń lo ozone, ìyẹn gáàsì tó ń pa aró run láìsí ìmọ́lẹ̀.

Ti kànrìnkàn ni mo ń lò báyìí. Fóòmù ni wọ́n ń rì sínú amọ̀ rírò, tí wọ́n á sì sun ún títí fóòmù náà yóò fi jóná tán, tí àyè rẹ̀ á sì ṣófo, ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń fọ́ bí ó bá jábọ́. Ó wọ́n ju hóró lọ. Síbẹ̀, odindi kan ṣoṣo ni, kò sí ohun tí yóò ha á lára, ìmọ́lẹ̀ sì ń ráyè wọ inú rẹ̀.

Hóró tó fún ẹni tó kàn fẹ́ dán iṣẹ́ náà wò. Ẹni tí omi rẹ̀ yóò máa ṣàn lójoojúmọ́, kí ó ra kànrìnkàn tó ní ihò 10 sí 20 nínú íńṣì kan, nítorí pé èyí tí ihò rẹ̀ bá kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ ni fọ́nrán òwú máa ń tètè dí.