Áàpù tó bá wa to ọjọ́ mẹ́rin ní Paris: máàpù rẹ̀ dára, ètò rẹ̀ kò pé

Ọjọ́ mẹ́rin péré ni èmi àti Màámi ní láti fi wo Paris, láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí ọjọ́ Ẹtì. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé àwọn fẹ́ fi ojú ara àwọn rí àwọn àwòrán tí àwọn máa ń rí lára kàlẹ́ńdà. Mi ò fẹ́ kí wákàtí kan ṣòfò nínú ọjọ́ mẹ́rin yẹn, ni mo bá sanwó fún áàpù kan tó ń bá èèyàn to ìrìn-àjò. Ẹ ó tẹ orúkọ ìlú, iye ọjọ́ tí ẹ ní, àti irú ohun tí ẹ fẹ́ràn, òun á sì to gbogbo rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Mo tẹ ilé àwòrán, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti àwọn ibi tó lókìkí. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí ètò fi jáde.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tó ti ṣe dáadáa, torí ó ṣe dáadáa níbẹ̀ gan-an. Máàpù rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́. Àwọn ibi tó sún mọ́ra ló fi àwọ̀ kan náà kùn, ó sì ń ṣiṣẹ́ kódà nígbà tí dátà bá tán. Òun ló jẹ́ kí n mọ̀ pé orí erékùṣù kan náà láàárín odò Seine ni ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ méjì, Sainte-Chapelle àti Notre-Dame, wà, pé èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn láti ọ̀kan dé èkejì láìpẹ́. Ká ní èmi ni mo dá ètò náà ṣe, ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mi ò bá fi wọ́n sí.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé ibi tó sún mọ́ra nìkan ló mọ̀. Louvre, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí àwòrán Mona Lisa wà, kì í ṣí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ilé àwòrán Orangerie náà kì í ṣí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Áàpù yìí kó àwọn méjèèjì pọ̀ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun wa, nítorí pé ọgbà Tuileries nìkan ló wà láàárín wọn.

A dé àgbàlá Louvre láàárọ̀ kùtùkùtù. Èrò pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pírámíìdì onígíláàsì tí I. M. Pei ya àwòrán rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣí ní 1989, nítorí náà mi ò fura. Màámi ló kọ́kọ́ kíyè sí i. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, àwọn wọ̀nyí ò wọlé o, fọ́tò ni wọ́n ń yà." Mo lọ ka ohun tó wà lẹ́nu ọ̀nà, àyà mi já. A gba inú ọgbà kọjá sí Orangerie, ilẹ̀kùn tiẹ̀ náà wà ní títì. Màámi jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga irin aláwọ̀ ewé tó wà nínú ọgbà náà, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n sì ń fọwọ́ ra orúnkún. Wọn ò sọ̀rọ̀. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Máàpù ló yọ wá. Mo rí afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan tó ti ibẹ̀ sọdá Seine, tó já sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Musée d'Orsay, orúkọ Léopold Sédar Senghor sì ni wọ́n fi sọ afárá náà. Mo kà á sókè fún Màámi. "Senghor ti Senegal?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ààrẹ wọn àkọ́kọ́. Wọ́n wọ bàtà wọn padà, wọ́n dìde, nígbà tí a sì dé àárín afárá, wọ́n fọwọ́ kan irin rẹ̀ bí ẹni ń kí ojúlùmọ̀.

Ọjọ́ Ajé ni Orsay máa ń tì ní tirẹ̀, nítorí náà a ráyè wọlé. Ibùdókọ̀ ojú irin ni tẹ́lẹ̀, wọ́n kọ́ ọ fún ìpàtẹ àgbáyé ọdún 1900. Nígbà tó di 1939, ọkọ̀ ojú irin ọlọ́nà jíjìn ti gùn ju pèpéle rẹ̀ lọ, kò wúlò fún wọn mọ́. 1986 ló di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹ má ṣe jáde níbẹ̀ láì gòkè dé ẹ̀yìn aago ńlá yẹn. Ẹ̀yìn gíláàsì rẹ̀ lẹ ó dúró sí, ọwọ́ aago á máa lọ níwájú yín, Seine á wà nísàlẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì Sacré-Cœur á sì funfun lórí òkè lọ́hùn-ún.

Ẹnu ọ̀nà Orsay ni mo ti kọ́kọ́ lo káàdì ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wa, káàdì kan tí èèyàn fi ń wọ ọ̀pọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, oníwákàtí 48 ni tiwa. Áàpù pè é ní káàdì ọjọ́ méjì, bẹ́ẹ̀ wákàtí ni wọ́n ń kà, láti ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́ tí ẹ bá ti lò ó. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní aago mọ́kànlá ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní títí di aago mọ́kànlá ọjọ́bọ̀. Áàpù kò tún sọ fún mi pé káàdì nìkan kò tó ní Louvre, pé dandan ni kí èèyàn gba àkókò sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo mú ìwé àti bírò, mo tún ètò náà tò. Ọjọ́ tí ibì kọ̀ọ̀kan máa ń tì ni mo kọ́kọ́ kọ. Lẹ́yìn ìyẹn, mo kọ alẹ́ tí wọ́n máa ń pẹ́ kí wọ́n tó tì: ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì ni ti Louvre, títí di aago mẹ́sàn-án, ọjọ́bọ̀ ni ti Orsay. Lẹ́yìn náà ni mo kọ ibi tó ń fẹ́ kí a gba àkókò sílẹ̀. Ìgbà tí mo parí gbogbo ìyẹn ni mo tó wo èyí tó sún mọ́ èyí. Bó ṣe yẹ kí áàpù náà ṣe é nìyẹn. Mo yọ Centre Pompidou, ilé àwòrán òde òní, kúrò pátápátá, torí wọ́n ti tì í ní 2025 fún àtúnṣe tí wọ́n ní yóò gbà títí di 2030, síbẹ̀ áàpù ṣì fi sí ọjọ́ Ẹtì wa.

Ní ọjọ́rú, àwa wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ Sainte-Chapelle. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún àyẹ̀wò báàgì o, torí ilé ẹjọ́ ló yí ibẹ̀ ká. Ọba Louis kẹsàn-án ló kọ́ ọ láti fi tọ́jú adé ẹ̀gún tí wọ́n gbà pé ti Jésù ni, wọ́n sì yà á sí mímọ́ ní 1248. Fèrèsé gíláàsì aláràbarà 15 ló wà lókè, ìtàn Bíbélì 1,113 ló sì wà lára wọn. Oòrùn yọ nígbà tí a wà níbẹ̀. Màámi na ọwọ́ wọn síta, pupa rọra bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ wọn, búlúù bọ́ sí ọrùn ọwọ́, wọ́n sì ń yí ọwọ́ náà padà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń wo aṣọ. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni áàpù fún wa níbẹ̀. A lò ju wákàtí kan lọ, mi ò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni lò dín.

Ní Notre-Dame, áàpù fi bọ́tìnì kan hàn mí pé kí n ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ má rà á. Ọ̀fẹ́ ni wíwọ inú kàtídírà yẹn, tí wọ́n tún ṣí ní oṣù Kejìlá 2024, lẹ́yìn iná ọdún 2019.

A padà sí hòtẹ́ẹ̀lì lọ sùn díẹ̀. Kò sí àyè fún ìsinmi nínú ètò áàpù náà rárá, bẹ́ẹ̀ mo ti tẹ ọjọ́ orí Màámi sí i. Ìrọ̀lẹ́ la tó lọ Louvre. Mona Lisa kéré, 77 sẹ̀ǹtímítà lóòró, 53 ní ìbú, èrò sì bò ó mọ́lẹ̀. Màámi wò ó díẹ̀, wọ́n bá yíjú sẹ́yìn. Àwòrán ìgbéyàwó Kánà tí Veronese yà ló wà lára ògiri tó kọjú sí i, ó fẹ̀ tó mítà mẹ́wàá, àwa nìkan la sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró níwájú rẹ̀.

Ní ọjọ́bọ̀, a wọ Orangerie kí wákàtí 48 wa tó pé. Yàrá méjì tó rí bí ẹyin ni wọ́n fi àwòrán ńlá mẹ́jọ tí Monet ya nípa òṣíbàtà orí omi sí, láti 1927. Àga wà láàárín. Màámi jókòó, wọn ò dìde fún ogójì ìṣẹ́jú.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún áàpù náà, máàpù ló sì gba gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá rà á, ẹ lo máàpù, kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín to ọjọ́ àti aago. Mo ti kọ̀wé sí wọn nípa ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bí wọ́n bá tún un ṣe, màá wá ṣàtúnṣe sí ìràwọ̀ náà.