Àgbéyẹ̀wò Ẹ̀kọ́ Bíbélì Àfetígbọ́ Kan Lórí Ìbọ̀rìṣà àti Ìṣe Òdodo

Ẹ̀kọ́ àfetígbọ́ tí mo ń yẹ̀ wò yìí, tí ìwé ìbéèrè pẹlẹbẹ kan bá rìn, dá lé ohun tó tọ́ kí Kristẹni ṣe nígbà tí ìbọ̀rìṣà bá yọjú, yálà láàárín ìjọ tàbí nínú ọkàn òun fúnra rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé olùkọ́ náà kò ka ariwo àti ìbínú sí ìtara fún Ọlọ́run.

Apá tó dá lórí Ọba Jòsáyà ló gbámúṣé jù lọ. Ọ̀pọ̀ ló ti mọ̀ láti inú 2 Àwọn Ọba 23 pé ó wó àwọn ibi gíga tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà, ó sì dáná sun ère inú tẹ́ḿpìlì, ṣùgbọ́n olùkọ́ náà kò dúró síbẹ̀. Ó mú wa lọ sí Jeremáyà 22, níbi tí Olúwa ti rán ọmọ Jòsáyà létí pé baba rẹ̀ gbèjà tálákà àti aláìní, tí ó sì béèrè bóyá kì í ṣe èyí ni mímọ òun jẹ́. Ẹni tó bá wó pẹpẹ lánàá, tó wá ń rẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ jẹ lónìí, kò ní ibi tí yóò sá sí nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Ti ìlú Éfésù, nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 19, náà dùn ún gbọ́. Àwọn tó ti ń pa idán, tí wọ́n wá gba Jésù gbọ́, kó ìwé wọn jáde, iye rẹ̀ sì tó 50,000 owó fàdákà kí wọ́n tó sun ún. Ohun ìní ara wọn ni wọ́n sun o, kì í ṣe ti aládùúgbò. Nígbà tí rògbòdìyàn sì bẹ́ sílẹ̀, akọ̀wé ìlú fúnra rẹ̀ jẹ́rìí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ Pọ́ọ̀lù kò ja tẹ́ḿpìlì lólè, wọn kò sì sọ̀rọ̀ òdì sí Átẹ́mísì, òrìṣà ìlú náà.

Ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti kùdíẹ̀ káàtó ni ti Gídíónì. Olùkọ́ náà pẹ́ gan-an lórí bí Gídíónì ṣe wó pẹpẹ Báálì baba rẹ̀ lóru, síbẹ̀ kò sọ ohunkóhun nípa éfódì (irú ẹ̀wù tí àlùfáà máa ń wọ̀) tí Gídíónì fi wúrà 1,700 ṣékélì ṣe lẹ́yìn ìṣẹ́gun, èyí tó di ìdẹkùn fún òun àti agbo ilé rẹ̀. Ojúkòkòrò, tí Kólósè 3:5 pè ní ìbọ̀rìṣà, náà kò rí ju ìṣẹ́jú díẹ̀ gbà, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé kiri nínú àpò.

Ohùn olùkọ́ náà já gaara. Àwọn ìbéèrè ìbẹ̀rẹ̀ rọrùn ju bó ṣe yẹ lọ, àmọ́ àwọn ti ìparí lè dá àríyànjiyàn gidi sílẹ̀, nítorí náà ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ ni yóò jàǹfààní rẹ̀ ju ẹni tó dá gbọ́ ọ lọ. Kí olùdarí ẹgbẹ́ sáà fi Àwọn Onídàájọ́ 8, níbi tí ìtàn éfódì Gídíónì wà, kún un.