Wọ́n Jà, Wọ́n Borí, Wọn Ò Sin Òkú: Bí Ìparí Jujutsu Kaisen Ṣe Rí Lára Mi

Tí o kò bá tíì ka Jujutsu Kaisen, ìwé ìtàn alàwòrán ilẹ̀ Jàpáànì nì, tán, jọ̀ọ́ yà fún àgbéyẹ̀wò yìí, torí mi ò ní fi nǹkan kan pamọ́.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni orí tuntun máa ń bọ́ sórí Manga Plus, ibi tí a ti ń kà á lórí fóònù, fún àwa tí a wà ní Nàìjíríà, ìgbà tí aago méjìlá òru bá lù ní Jàpáànì. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án 2024, mo ti ra dátà sílẹ̀, mo ti jókòó ti fóònù kí aago tó lù. Orí 271 ni, èyí tó kẹ́yìn pátápátá. Nígbà tí mo kà á tán, mo tún fà á padà sókè, bóyá mo ti fo ojú ìwé kan. Mi ò fo nǹkan kan.

Mọ́mì mi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó wo ojú mi.

“Ta ló kú?”

“Olùkọ́ kan ni, Mọ́mì. Inú ìwé ni. Ó tilẹ̀ ti kú láti èṣí.”

“Ṣé wọ́n ti sin ín?”

Mo rò ó wò. “Wọn ò sin ín o. Wọ́n gbé òkú ẹ̀ lọ jà ni.”

Ó gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. “Òkú kẹ̀? Irú ìwé wo lò ń kà yẹn?”

Mọ́mì ò ka ojú ìwé kan rí níbẹ̀, síbẹ̀ ibi tó ń dùn mí gan-an ló fọwọ́ bà.

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: Gege Akutami ló kọ ọ́ tó tún yà á, láti oṣù Kẹta 2018, nínú Weekly Shonen Jump. Ọmọ ilé ìwé kan, Yuji, gbé ìka Sukuna, ọba àwọn ègún, mì, ni àwọn méjèèjì bá ń gbé inú ara kan ṣoṣo. Gojo ni olùkọ́ rẹ̀, alágbára tí gbogbo ayé gbẹ́kẹ̀ lé.

Akutami mọ bí wọ́n ṣe ń pa èèyàn nínú ìtàn. Wo Nanami, àgbà kan lára àwọn tó ń bá ègún jà, nínú ogun Shibuya, àdúgbò kan ní Tokyo. Iná ti jó ìdajì ara rẹ̀, ó ń rìn, ó ń ronú etíkun kan ní Malaysia tí ì bá lọ fi sinmi. Ó rí Yuji lọ́ọ̀ọ́kán. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí òun bá sọ báyìí yóò di ẹrù sí ọmọ náà lọ́rùn, ó sì sọ ọ́ náà: ó kù sọ́wọ́ ẹ. Ojú ìwé mélòó kan péré ni, àmọ́ mi ò lè sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ wá wo Gojo. Orí 235 parí bíi pé ó ti borí Sukuna. A ṣí 236, a bá a ní pápákọ̀ òfurufú tó ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti kú tàkúrọ̀sọ, kí a tó rí i pé wọ́n ti gé e sí méjì. Mo gbà bẹ́ẹ̀, ogun ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà, Yuta wọ inú òkú olùkọ́ rẹ̀ bí ẹni wọ ẹ̀wù, ó fi jà. Èrò tó burú tó sì lágbára lèyí, mo gbóríyìn fún un. Kò sẹ́ni tó wá bi Yuta léèrè bó ṣe rí lára rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ní orí 269, ṣe ni wọ́n jókòó bí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìdánwò wò: ìwọ ì bá ti ṣe báyìí, èmi ì bá ti ṣe tọ̀hún. Àwọn tó pàdánù olùkọ́ wọn! Omijé ẹyọ kan dà?

Mo ṣírò rẹ̀. Ìjà Sukuna bẹ̀rẹ̀ ní orí 223, kò parí títí di 268, bí ẹ bá ka ìjà ti Kenjaku, ọ̀tá mìíràn, tó wọ àárín rẹ̀ mọ́ ọn. Orí 46 nìyẹn. Ohun tó kù fún gbogbo ìyókù ayé ìtàn náà jẹ́ orí mẹ́ta. Nobara, akẹgbẹ́ Yuji tó fara gbọgbẹ́ ní Shibuya, tí a ti ń retí fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́ta, jí ní 267, ó kan ìṣó kan, ó tán. Ìdàpọ̀ Tengen, tí ì bá so àwọn èèyàn Jàpáànì pọ̀ di ẹ̀dá kan, tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá kò ṣẹlẹ̀ rárá.

Mi ò ní purọ́ mọ́ ọkùnrin náà o. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni iṣẹ́ yìí, ní 2021 àìlera dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ alẹ́ mọ́jú rí mọ bí ìlà ṣe máa ń rí nígbà tí ọwọ́ bá rẹ̀, àwọn ìlà ìkẹyìn yẹn sì rẹ̀ lóòótọ́.

Síbẹ̀, orí 268 wà níbẹ̀. Yuji ti borí Sukuna, ọ̀tá náà ti di ẹran jáńjálá lásán lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó padà wá, kí àwọn jọ gbé. Sukuna kọ̀, ó pòórá. Lẹ́tà Gojo sí Megumi, akẹgbẹ́ Yuji tí Sukuna ti bọ́ sí ara rẹ̀ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, tẹ̀ lé e, tó fi ṣàlàyé pé òun lòún pa bàbá rẹ̀, bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá. Mo rẹ́rìn-ín títí Mọ́mì fi pè mí.

Tí ẹ bá ní kí n fún un ní máàkì, mẹ́wàá nínú mẹ́wàá ni títí dé Shibuya, ìparí gba márùn-ún. Ẹ má kà á ní orí kọ̀ọ̀kan bí tiwa. Ẹ kó o jọ. Mo tún un kà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìjà gígùn yẹn dùn ju bó ṣe dùn nígbà tí à ń dúró de ọjọ́ Àìkú.

Àbúrò mi ti bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ó ti dé Shibuya, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ há Gojo mọ́nú àpótí. Lánàá ó sáré wá bá mi: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé Gojo á jáde?”

Mo ní á jáde. Mọ́mì wò mí, kò sọ nǹkan kan.