Òdòdó Ìgbẹ́ Tí Mo Rà Lẹ́bàá Odò Ògùn
Lásìkò òjò yìí, tí òdòdó imí eṣú ti gba ẹ̀bá ọ̀nà kan ní Abẹ́òkúta, mo ra tannápòṣó mẹ́fà lọ́wọ́ ìyá kan tí wọ́n ń ta òdòdó ìgbẹ́ lẹ́bàá odò Ògùn. Mo fẹ́ràn wọn gan-an: ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń là, òórùn dídùn wọn a sì gba gbogbo àgbàlá, kóró wọn sì dúdú bí iyeré. Àmọ́ méjì kú, nítorí pé ọ̀rá tí wọ́n gbìn wọ́n sí kò ní ihò tí omi lè gbà jáde. Nígbà tí mo padà lọ, ìyá náà fún mi ní méjì mìíràn láìgba owó, wọ́n sì fi patanmọ́ kan ṣe ènì.