Ìwé Tí Òjò Kò Lè Pa Rẹ́: Àyẹ̀wò Ìwé Ìkọ̀wé àti Pẹ́ńsù fún Òǹkọ̀wé Tí Ń Ṣiṣẹ́ ní Ìta Gbangba

Ó ti tó oṣù mẹ́jọ báyìí tí mo ti ń lo ìwé kékeré kan, tí wọ́n ṣe bébà rẹ̀ lọ́nà tí omi kò fi lè wọ inú rẹ̀, pẹ̀lú pẹ́ńsù lásán, láti kọ ewì àti ìtàn àròsọ nínú igbó, nínú ọgbà ìtura àti ní àwókù ilé àtijọ́. Oríṣiríṣi ilé-iṣẹ́ ni ó ń ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ mi kò sì dá lórí orúkọ kan pàtó, bí kò ṣe lórí bí irú ohun èlò yìí ṣe wúlò tó fún ẹni tí ó fẹ́ kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí níbi tí ó ti rí i gan-an. Ẹni tí ó jókòó sídìí tábìlì nínú ilé lè lo ohunkóhun tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà. Ẹni tí ó dúró sábẹ́ igi ní ìdájí, nígbà tí ìrì ṣì ń kán láti orí ewé, tí ó fi ọwọ́ kan di ìwé mú tí ó sì ń fi èkejì kọ̀wé, kò ní àǹfààní yẹn.

Ìwé lásán àti kálàmù onítàdáwà ni mo ń lò tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí mo wà níbi àwókù ògiri àtijọ́ kan, mo fi bí wákàtí méjì kọ nípa ewéko tútù tí ó bo àwọn òkúta náà, nípa ibi tí omi ti ń sun jáde láàárín òkúta méjì, àti nípa aláǹgbá kan tí ó ń yọ orí wò mí láti inú ihò. Òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni tí eji bá rí ni eji ń pa. Kí n tó dé ibi tí mo lè sá sí, ojú ìwé mẹ́rin ti di àbàwọ́n aró kan ṣoṣo. Nígbà tí mo jókòó ní alẹ́ láti tún un kọ láti inú ìrántí, ohun tí mo rí fà yọ kò ju pé ibẹ̀ dákẹ́, ó sì rẹwà. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ lè bá ibikíbi mu láyé, ìdí nìyẹn tí kò fi wúlò fún ewì.

Mo máa ń rántí Dorothy Wordsworth, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí mo bá ń ro ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1802, òun àti William ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ó jẹ́ akéwì, rìn kọjá létí adágún Ullswater ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì rí òdòdó daffodil tí ó tẹ́ lọ rẹrẹ létí omi. Nínú àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀, Dorothy sọ pé àwọn kan nínú òdòdó náà gbé orí lé òkúta bí ẹni tí ó ti rẹ̀ ṣe ń gbé orí lé ìrọ̀rí, nígbà tí àwọn yòókù ń jó nínú atẹ́gùn. Nǹkan bí ọdún méjì kọjá kí William tó kọ ewì rẹ̀ nípa òdòdó wọ̀nyí, ewì náà sì jáde nínú ìwé ní ọdún 1807. Òkúta àti ìrọ̀rí yẹn ni ó wú mi lórí, nítorí n kò gbà pé ẹni tí kò dé ibẹ̀ lè jókòó sínú ilé kí ó hùmọ̀ irú rẹ̀. Iṣẹ́ tí mo ra ìwé yìí fún kò ju pé kí ó jẹ́ kí irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀ bá mi délé.

Mo dán an wò kí n tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Mo kọ gbólóhùn kan náà sí ojú ìwé mẹ́ta, ọ̀kan pẹ̀lú pẹ́ńsù, ọ̀kan pẹ̀lú bírò, ọ̀kan pẹ̀lú kálàmù tí omi pọ̀ nínú tàdáwà rẹ̀, mo sì rì wọ́n sínú abọ́ omi di ọjọ́ kejì. Bébà náà kò mu omi rárá. Ńṣe ni omi ń yí kiri lójú rẹ̀ bí ó ti ń ṣe lórí ewé kókò. Ohun tí mo fi pẹ́ńsù kọ wà bí ó ṣe wà. Ti bírò náà kò parẹ́, nítorí pé òróró wà nínú yíǹkì rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ fi bírò kan náà kọ̀wé sójú bébà tí ó ti tutù, ó kọ̀ jálẹ̀. Ti kálàmù onítàdáwà kò tilẹ̀ gbẹ dáadáa kí n tó rì í, ó sì ti lọ tán nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́. Ìdí tí pẹ́ńsù fi borí kò ṣòro láti mọ̀: gráfáìtì ni ohun dúdú inú rẹ̀, irú kábọ́ọ̀nù kan sì ni gráfáìtì, omi kò lè yọ́ ọ.

Irú pẹ́ńsù tí ènìyàn bá lò tún ní ipa tirẹ̀. Ní ọdún 1795 ni Nicolas-Jacques Conté, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gba ẹ̀tọ́ àṣẹ lórí ọ̀nà tí ó fi po gráfáìtì tí a lọ̀ kúnná mọ́ amọ̀ tí ó sì fi iná sun ún. Bí amọ̀ náà bá ṣe pọ̀ tó ni pẹ́ńsù ṣe ń le tó. Lójú bébà yìí, tí ó dán díẹ̀, pẹ́ńsù tí wọ́n kọ 2H sí lára, tí ó le, kò hàn dáadáa, 2B, tí ó rọ̀, sì ń yí mọ́ ìka. HB, tí ó wà láàárín méjèèjì, ni ó bá a mu jù lọ. Henry David Thoreau, òǹkọ̀wé tí ó gbé létí adágún Walden ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1845 sí 1847, ti ṣiṣẹ́ níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe pẹ́ńsù, ó sì kópa nínú wíwá bí wọn yóò ṣe po amọ̀ mọ́ gráfáìtì kí pẹ́ńsù wọn lè dára sí i. Inú mi dùn láti mọ̀ pé ẹni tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ ohun tí ó ń rí nínú igbó sílẹ̀ mọ bí a ti ń ṣe pẹ́ńsù pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀.

Ní àwọn ibi ìtàn ni mo ti mọ rírì pẹ́ńsù jù. Ọ̀pọ̀ yàrá ìkàwé tí wọ́n ń tọ́jú ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ sí ni kì í gba bírò tàbí kálàmù láàyè, nítorí pé tàdáwà tí ó bá kán sí ohun tí ó ti gbó kò ṣe é yọ mọ́. Ìwé mi ní ìlà tí ó gba òró tí ó sì gba ìbú, nítorí náà mo lè ya àwòrán ilẹ̀ ilé tí ó ti wó bí mo ti ń fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n: ibi tí ilẹ̀kùn wà, ibi tí fèrèsé kọjú sí, iye ìgbésẹ̀ tí ó wà láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ààrò. Nígbà tí mo kọ ìtàn nípa obìnrin kan tí ó gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀, n kò méfò bí oòrùn ṣe ń wọlé bá a ní ìrọ̀lẹ́; mo ti wà níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, mo sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn kan a máa tẹ́ bébà lé ohun tí a gbẹ́ sára òkúta, wọn a sì fi pẹ́ńsù ra á kí àwòrán rẹ̀ lè hàn. Mo bẹ ẹnikẹ́ni tí ó bá ra ìwé yìí kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé òkúta tí òjò àti oòrùn ti jẹ a máa hó dànù díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ irú ìfira bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó, kí ẹ sì fi ọwọ́ dà á kọ.

Mo ti gbìyànjú láti lo fóònù dípò ìwé. Ẹ̀kán òjò lójú rẹ̀ a máa tẹ ohun tí ènìyàn kò tẹ̀, oòrùn ọ̀sán kì í jẹ́ kí a rí ohun tí a kọ, bátìrì rẹ̀ a sì máa tán. Èyí tí ó burú jù ni pé, bí mo bá ti ya fọ́tò igi kan tán, mo máa ń kúrò nídìí rẹ̀ bí ẹni pé mo ti rí i. Nígbà tí pẹ́ńsù bá wà lọ́wọ́ mi, mo ní láti bi ara mi pé kí ni èèpo rẹ̀ jọ, kí ni òórùn ilẹ̀ ibẹ̀, ẹyẹ wo ni ó ń ké, ìgbà wo ni ó sì dákẹ́.

Ìwé náà ní àléébù. Bébà rẹ̀ nípọn, nítorí náà ojú ìwé rẹ̀ kò pọ̀, ó sì tètè ń kún. Wáyà tí wọ́n fi dì í ti wọ́ nínú àpò mi láàárín oṣù kìíní. Èyí tí wọ́n fi òwú rán ni n ó máa rà. Rọ́bà ìpawérẹ́ kì í ṣiṣẹ́ lójú rẹ̀ bí ó bá tutù, ńṣe ni ó ń fa dúdú kiri, mo sì ti kọ́ láti máa fa ìlà kọjá ọ̀rọ̀ tí n kò fẹ́. Irú kan tún wà tí wọ́n ń pè ní bébà òkúta, tí wọ́n fi òkúta ẹfun lílọ̀ àti ike pò. Omi kò lè ṣe é ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n kì í jẹrà bíi bébà igi bí ó bá bọ́ sílẹ̀ nínú igbó, nítorí náà n kò gbé e lọ síbẹ̀ mọ́.

Ohun tí n kò retí ni bí ìwọ̀n ojú ìwé ṣe ń darí ohun tí a ń kọ. Ojú ìwé mi kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, kò sì tó oṣù méjì tí ìlà ewì mi fi kúrú. Èyí dára fún ewì, nítorí pé kò sí àyè fún ọ̀rọ̀ tí kò gbé ohun kan tí mo rí dání. Ìtàn àròsọ ni ó jìyà rẹ̀: mo gbìyànjú láti kọ odindi ìtàn kan sínú rẹ̀, àwọn ènìyàn inú ìtàn náà sì ń sọ̀rọ̀ ní gígé kúrú bí ẹni tí ó ń sáré lọ, títí mo fi gbé gbogbo rẹ̀ sórí bébà ńlá nílé, tí mo sì tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àkíyèsí nìkan ni mo ń kọ sínú rẹ̀ báyìí.

Ẹni tí kì í jáde lọ kọ̀wé àyàfi nígbà tí ojú ọjọ́ bá dára, tí ó sì ń rí àga jókòó nínú ọgbà ìtura, kò nílò rẹ̀. Ìwé lásán tó o. Ẹni tí ó bá ń wọ igbó tàbí àwókù ni mo gbà níyànjú pé kí ó rà á, kí ó yan èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ pupa tàbí tí ó jẹ́ àwọ̀ òféèfèé, nítorí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni tèmi ti bọ́ sínú koríko tí àwọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ kí n rí i, kí ó sì fi okùn so pẹ́ńsù HB kúkúrú kan mọ́ ọn. Ìwé mi àkọ́kọ́ ti kún. Ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ etí rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ojú ìwé rẹ̀ ṣì ṣe é kà, títí kan èyí tí mo kọ nínú òjò ńlá, nígbà tí mo padà síbi àwókù ògiri ìjọ́sí láti wò ó bóyá omi ṣì ń sun láàárín òkúta méjì yẹn.